Ẹ̀rọ Ìbò àti Ọwọ́ Tó Dì Í Mú: Bí Nàìjíríà Ṣe Ń Kọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìbò

Ẹni tó ń darí ìbò ní ibùdó ìdìbò ní Nàìjíríà kì í sábà jẹ́ òṣìṣẹ́ àjọ elétò ìdìbò gan-an. Àwọn tí àjọ INEC gbà síṣẹ́ oṣooṣù kò pọ̀ débi tí ibùdó kọ̀ọ̀kan yóò fi rí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni wọ́n fi ń dí àlàfo náà: àwọn àgùnbánirọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ń sún mọ́ ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, òṣìṣẹ́ ìjọba, àti àwọn olùkọ́ yunifásítì tí ń kéde èsì. Fún ìbò gbogbogbò ọdún 2023, iye wọn ju mílíọ̀nù kan lọ. Iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni, ẹ̀kọ́ ọjọ́ díẹ̀ ló sì ń ṣáájú rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti wọ inú ìbò ni ẹrù rẹ̀ ti wà léjìká àwọn èèyàn wọ̀nyí, ìtàn ẹ̀rọ náà kò sì ṣeé sọ láìsọ ti ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ àti èyí tí wọn kò kọ́.

Ìbò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi yan aṣòfin ní Nàìjíríà wáyé ní ọdún 1923, lábẹ́ òfin ìjọba tí Gómìnà Clifford gbé kalẹ̀ ní ọdún 1922. Èkó ní àga mẹ́ta, Calabar ní ẹyọ kan, ọkùnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò dín ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn nìkan ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Ẹgbẹ́ NNDP ti Herbert Macaulay ló kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Èkó. Àwọn olùdìbò kéré níye, akọ̀wé sì lè fi ojú mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí yóò fi di ìbò àpapọ̀ ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 1959, èyí tí àjọ tí Ronald Wraith jẹ́ alága rẹ̀ ṣètò, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ojúlùmọ̀. Àpótí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá wà, wọ́n lẹ àmì ẹgbẹ́ mọ́ ọn lára, ẹni tí kò mọ̀wé a sì ju ìwé ìbò rẹ̀ sínú èyí tó ní àmì tó wù ú. Tíṣà àti akọ̀wé ìjọba ló pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Kí wọ́n mọ̀wé kà, kí wọ́n mọ ìṣirò, kí wọ́n sì lè pe orúkọ olùdìbò láìṣì í pè, iyẹn tó.

Ohun tí kò tó ni ìgboyà, nígbà mìíràn ìwà ọmọlúàbí. Ní ìbò Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ti ọdún 1965, àwọn òṣìṣẹ́ kan tó yẹ kó gba fọ́ọ̀mù àwọn olùdíje sá pamọ́ kí ọwọ́ àwọn alátakò má bàa tẹ̀ wọ́n, wọ́n sì wá kéde pé ẹnì kan ṣoṣo ló jáde. Rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní Wẹ́tìẹ ló gbẹ̀yìn rẹ̀, iná sọ láti ìlú dé ìlú, àwọn ológun sì gba ìjọba ní ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, ọdún 1966. Nígbà tí ìbò padà dé, orúkọ tó wà nínú ìwé olùdìbò ti bíi mílíọ̀nù 48 ní ọdún 1979 fò dé bíi mílíọ̀nù 65 ní ọdún 1983, ìdàgbàsókè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè gbà gbọ́. Ní Ìpínlẹ̀ Ondó lọ́dún náà, FEDECO, àjọ elétò ìdìbò ìgbà náà, kéde Akin Omoboriowo gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wọlé gómìnà, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti àwọn ìlú mìíràn, ẹ̀mí ṣòfò, kí ilé ẹjọ́ tó dá ipò náà padà fún Michael Adekunle Ajasin. Ibi méjì ni èrú ti ń wọlé ní gbogbo àsìkò yìí. Àkọ́kọ́ ni ìwé orúkọ, níbi tí òkú àti ẹni tí kò sí rárá ti ń dìbò. Èkejì ni ojú ọ̀nà tó wà láàárín ibùdó ìdìbò àti ibi tí wọ́n ti ń ṣàkójọ èsì, níbi tí bírò kan lè sọ 80 di 800. Ẹ̀rọ tí Nàìjíríà rà lẹ́yìn náà, ibi méjì yìí náà ni wọ́n ní kó máa ṣọ́.

Ìbò ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 1993 kò lo ẹ̀rọ kankan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Humphrey Nwosu ló ń darí NEC, àjọ elétò ìdìbò ìgbà náà. Ní àwọn ìbò tó ṣáájú, olùdìbò máa ń tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tó fẹ́, tí wọn yóò sì kà wọ́n lórí ìlà. Fún ti ààrẹ, wọ́n yí i padà díẹ̀: wọ́n yẹ orúkọ gbogbo olùdìbò wò lákọ̀ọ́kọ́, oníkálùkù tẹ ìka ní ìkọ̀kọ̀, ó sì ju ìwé rẹ̀ sínú àpótí ní gbangba. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kà á, wọ́n kígbe iye rẹ̀ síta, àṣojú ẹgbẹ́ SDP àti ti NRC sì fọwọ́ sí ìwé èsì. Ìjọba ológun wọ́gi lé ìbò náà ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ṣì kà á sí èyí tó mọ́ jù lọ nínú ìtàn orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó bá ń gbé ẹ̀rọ lárugẹ ní láti ronú lórí èyí. Ìlànà ọdún 1993 rọrùn débi pé òṣìṣẹ́ lè kọ́ ọ tán ní ọ̀sán kan, ará àdúgbò tó dúró wòran náà sì mọ̀ ọ́n, nítorí náà òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ yí i po kò rí ibi fara pamọ́ sí.

Ọdún 1998 ni wọ́n dá àjọ INEC sílẹ̀, Adájọ́ Ephraim Akpata sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Lábẹ́ Abel Guobadia tó gba ipò lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ ti kọ́kọ́ kan ọwọ́ òṣìṣẹ́ lásán. Nígbà ìforúkọsílẹ̀ ọdún 2002, fọ́ọ̀mù tí ẹ̀rọ lè kà ni wọ́n fi gba orúkọ, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ìdánwò JAMB máa ń kun òbìrìkìtì inú rẹ̀ nígbà náà. Òṣìṣẹ́ tó bá kun ún kọjá ààlà, tàbí tó ká fọ́ọ̀mù náà sínú àpò, ti ba orúkọ ẹni ẹlẹ́ni jẹ́, kò sì ní mọ̀, nítorí ẹ̀rọ tí yóò kà á jìnnà sí i. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn títí di òní: àṣìṣe wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, ìyà rẹ̀ a sì farahàn níbi tí kò sí.

Ní ọdún 2006, lábẹ́ Maurice Iwu, fọ́ọ̀mù yẹn kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀rọ DDC ló rọ́pò rẹ̀, kọ̀ǹpútà kékeré tó ní kámẹ́rà àti ibi ìtẹ̀ka. Ẹ̀rọ náà kò tètè dé, èyí tó dé kò kárí, bátìrì sì ń kú mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ní àwọn àdúgbò tí kò ní iná mànàmáná. Orúkọ tó ju mílíọ̀nù 61 ló jáde nígbà tí wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 2007, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò ní àwòrán, tàbí tí ìtẹ̀ka rẹ̀ kò pé. Ìbò tí wọ́n fi ìwé orúkọ náà dì burú débi pé Ààrẹ Umaru Yar'Adua tí wọ́n kéde pé ó wọlé jẹ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìbúra rẹ̀ pé ó ní àbùkù, ó sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, Mohammed Uwais, láti tún ètò ìbò ṣe.

Láàárín ìdàrúdàpọ̀ yìí, INEC ti dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Àbújá ní ọdún 2005 fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìwádìí nípa ìbò. The Electoral Institute ni orúkọ rẹ̀, TEI ni wọ́n sì ń pè é. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà òṣìṣẹ́ ìbò, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò lọ kọ́ àwọn mìíràn. Ọ̀kan nínú àwọn tó darí rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Abubakar Momoh, onímọ̀ ìṣèlú tó ti ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó kó tó lọ síbẹ̀, tó sì wà lórí àga náà títí tó fi kú ní ọdún 2017. Ọ̀nà ìkọ́ni tó gbilẹ̀ níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní BRIDGE, tí àjọ elétò ìdìbò ilẹ̀ Australia, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé àti àjọ International IDEA jọ pilẹ̀. Nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, olùkọ́ kì í dúró síwájú kó máa ka ìwé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò pín ara wọn sí òṣìṣẹ́, olùdìbò, àṣojú ẹgbẹ́ àti jàǹdùkú, wọn yóò to àga bí ibùdó ìdìbò, wọn yóò sì ṣe ìbò náà láti òwúrọ̀ rẹ̀ dé kíka èsì. Ẹni tí wọ́n bá ti pariwo mọ́ nínú irú eré bẹ́ẹ̀ kì í tètè gbọ̀n nígbà tó bá di gidi.

Ìṣòro BRIDGE ni pé ó ń gba àkókò, ó sì ń fẹ́ kí èèyàn díẹ̀ wà ní kíláàsì. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ INEC máa ń sọ̀kalẹ̀ láti Àbújá dé olú ìlú ìpínlẹ̀, láti ibẹ̀ dé ìjọba ìbílẹ̀, kó tó dé wọ́ọ̀dù. Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni àkókò ń dínkù tí èrò ń pọ̀, ẹ̀rọ tó ń yí ọwọ́ ká a sì máa kéré sí àwọn tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Àwọn tó wà lókè mọ iṣẹ́ náà dunjú. Àwọn tí yóò jókòó ti àpótí ìbò ló ń rí ìwọ̀nba tó kù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Attahiru Jega gba àjọ náà ní ọdún 2010, ó sì ní àfi kí wọ́n ju ìwé orúkọ ti tẹ́lẹ̀ nù. Wọ́n bèèrè fún ₦87.7 bílíọ̀nù láti fi ra ẹ̀rọ DDC tuntun kí wọ́n sì san owó iṣẹ́. Àwọn àgùnbánirọ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ìdí méjì ló wà fún un: wọ́n ti kàwé, kì í sì í ṣe ìlú wọn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ọ̀gá òṣèlú àdúgbò kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ìyá wọn. Ìforúkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, ọdún 2011, ìjọba sì ti ilé ìwé pa kí àyè lè wà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Ìtẹ̀ka kò wọlé, ẹnì kan lè lo ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú níwájú ẹ̀rọ, ìlà a sì gùn títí dé títì. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ náà rí ọgbọ́n rẹ̀: kí olùdìbò fọ ọwọ́, kí ó nù ún gbẹ, kí wọ́n nu ojú ẹ̀rọ, kí wọ́n bá a tẹ ìka náà mọ́lẹ̀ díẹ̀. Kò sí èyí tó le láti kọ́ni nínú gbogbo rẹ̀, ojú iṣẹ́ ni wọ́n sì ti kọ́ ọ. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan kún àkókò tí wọ́n dá, orúkọ tó ju mílíọ̀nù 73 ló wọlé, kọ̀ǹpútà tó ń fi ìtẹ̀ka wé ara wọn sì yọ orúkọ tó lé ní 800,000 tí àwọn èèyàn fi sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìbò náà fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, àwọn olùdìbò ti wà lórí ìlà nígbà tí Jega jáde lórí tẹlifíṣàn láti sọ pé ìwé èsì kò tíì dé ọ̀pọ̀ ibi, ó sì sún ìbò síwájú. Ní ọjọ́ 8, bọ́ǹbù dún ní ọ́fíìsì INEC ní Suleja, àgùnbánirọ̀ sì wà lára àwọn tó kú. Lẹ́yìn ìbò ààrẹ ọjọ́ 16, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Àríwá, wọ́n sì pa àgùnbánirọ̀ mẹ́wàá ní Ìpínlẹ̀ Bauchi. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé kí ni ọmọ wọn ń wá nídìí àpótí ìbò. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ààbò ti wọ inú ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ ìbò tọkàntọkàn: ibi tí èèyàn yóò sá gbà, ẹni tí yóò pè, ìgbà tí yóò fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó fẹsẹ̀ fẹ.

Fún ọdún 2015, INEC gbé káàdì ìdìbò alálòpẹ́ jáde, èyí tó ní ìtẹ̀ka olùdìbò nínú, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí yóò máa kà á. Ghana ti kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ṣáájú: nínú ìbò oṣù Kejìlá ọdún 2012, ẹ̀rọ ìtẹ̀ka dákẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibùdó, ìdìbò sì wọ ọjọ́ kejì. Nàìjíríà ní àǹfààní láti wò ó. Nígbà tí wọ́n sún ìbò láti ọjọ́ 14, oṣù Kejì sí ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, INEC dán ẹ̀rọ náà wò ní ìpínlẹ̀ méjìlá ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹta, Èkó àti Èkìtì wà nínú wọn. Gbogbo káàdì ni ẹ̀rọ náà kà. Ìtẹ̀ka ló dà á láàmú: nǹkan bí 59 nínú ọgọ́rùn-ún ló mọ̀. Ọwọ́ àgbẹ̀, ọwọ́ bíríkìlà, ọwọ́ ìyá aláró, iṣẹ́ ti ha gbogbo wọn.

Ọjọ́ ìbò gan-an ló fi ohun tí kò sí nínú ẹ̀kọ́ hàn. Ní Otuoke, ẹ̀rọ kọ̀ láti mọ ìka Ààrẹ Goodluck Jonathan, tẹlifíṣàn sì ń gbé e fún gbogbo ayé bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ẹ̀rọ kan sí òmíràn, kó tó di pé wọ́n fi ọwọ́ kọ orúkọ rẹ̀. Káàkiri orílẹ̀-èdè ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí INEC wádìí, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n rí ni pé ní àwọn ibùdó kan, ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà lẹ̀ mọ́ ojú ibi ìtẹ̀ka, kó má bàa ha, ṣì wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó bó o. Irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ra fóònù tuntun máa ń bó dànù kó tó tan án, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìjọba ni èyí, òṣìṣẹ́ náà sì lè máa bẹ̀rù pé wọn yóò ní òun bà á jẹ́. Ọ̀pọ̀ owó ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ, ọ̀rá tí kò tó kọ́bọ̀ sì dá a dúró. INEC gbà kí wọ́n lo ìwé níbi tí ẹ̀rọ bá ti kọ̀, ìdìbò sì wọ ọjọ́ kejì ní nǹkan bí 300 ibùdó. Síbẹ̀síbẹ̀, ìbò náà ni Muhammadu Buhari fi borí ààrẹ tó wà lórí àga, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí ní Nàìjíríà.

Ní ọdún 2016, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dájọ́ lórí ìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Rivers pé ẹ̀rọ tó ń ka káàdì kò lè borí ìwé orúkọ olùdìbò, nítorí òfin ìbò kò gbé e sí ipò bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ náà dé etí àwọn tí kò fẹ́ lo ẹ̀rọ. Ní ọdún 2019, ọwọ́ àwọn tó mọ ẹ̀rọ ní ìjìnlẹ̀ ló kún fún iṣẹ́. Iná jó ọ́fíìsì INEC ní Awka ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìbò, ẹ̀rọ tó lé ní 4,000 sì jóná. Nígbà tí àjọ náà wá sún ìbò láti ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 23, oṣù Kejì, ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ ìbò, ìṣòro mìíràn yọjú tí ará ìlú kò rò: ọjọ́ 16 ni wọ́n ti ṣètò sínú gbogbo ẹ̀rọ, nǹkan bí 180,000 wọn, kò sì ní ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ mìíràn. Wọ́n ní láti kó wọn padà kí wọ́n tún wọn ṣètò lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Irú iṣẹ́ báyìí ló jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní RATECH di dandan, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ní wọ́ọ̀dù, tí yóò sáré lọ sí ibùdó tí nǹkan bá ti bàjẹ́.

Fọ́tò ló tún kàn. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹjọ, ọdún 2020, nínú ìbò àtúndì kékeré kan ní Ìpínlẹ̀ Nasarawa, INEC kọ́kọ́ ṣí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní IReV. Ọ̀gá ibùdó yóò ya fọ́tò ìwé èsì, yóò fi í ránṣẹ́, ẹnikẹ́ni tó wà ní ilé rẹ̀ yóò sì lè rí i. Wọ́n lò ó fún ìbò gómìnà Edo àti ti Ondó lọ́dún náà. Ọ̀nà ọgbọ́n ni, nítorí ó mú kí ó ṣòro fún bírò láti yí èsì padà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n yíya fọ́tò ìwé ní ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ igi, tí àwọn àṣojú ẹgbẹ́ ń tì ọ́ lápá, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń mọ̀ láti inú ìwé. Àwòrán tó ṣú, èyí tí wọ́n gé ìdí ìwé kúrò níbẹ̀, èyí tó dojú délẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wọ orí IReV nínú àwọn ìbò tó tẹ̀lé e, wọ́n sì di ẹjọ́.

Ẹ̀rọ BVAS ló so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, yíyẹ olùdìbò wò àti fífi fọ́tò èsì ránṣẹ́. Wọ́n dán an wò ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2021 ní Isoko South ní Ìpínlẹ̀ Delta, wọ́n sì lò ó fún ìbò gómìnà Anambra ní oṣù Kọkànlá. Òṣìṣẹ́ tó tẹ̀lé ọ̀gá ibùdó ló ń dì í mú. Yóò tan án, yóò ka àmì tó wà lára káàdì olùdìbò, tàbí kó tẹ nọ́ńbà mẹ́fà tó gbẹ̀yìn tàbí orúkọ ìdílé. Àwòrán olùdìbò yóò yọ lójú ẹ̀rọ. Olùdìbò yóò tẹ ìka. Bí ìka bá kọ̀, òṣìṣẹ́ yóò gbé ẹ̀rọ sókè láti ya ojú rẹ̀. Bí ojú náà bá kọ̀, ẹni náà kò ní dìbò, àyè ìwé ti ọdún 2015 kò sí mọ́. Oòrùn tó ń ràn sí ẹ̀yìn olùdìbò lè mú kí ojú kọ̀, ìborùn lè mú kó kọ̀, ìwárìrì ọwọ́ òṣìṣẹ́ náà lè ṣe é. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ́ dáadáa yóò ní kí ìyá àgbà yí ojú síbi ìmọ́lẹ̀, kí ó sì sinmi díẹ̀. Èyí tí wọn kò kọ́ yóò ní kó máa lọ sílé. Ní Anambra, ẹ̀rọ náà ń lọ́ra ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n sì ní láti padà lọ dìbò ní Ihiala ní ọjọ́ 9, oṣù Kọkànlá.

Ìbò Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ọjọ́ 16, oṣù Keje, ọdún 2022 fi hàn pé iṣẹ́ òṣìṣẹ́ kò parí nígbà tí ó bá ti pa ẹ̀rọ. Ademola Adeleke borí Gómìnà Gboyega Oyetola. Àwọn tó pe ẹjọ́ gba ìwé kan láti ọ̀dọ̀ INEC tó ń sọ iye èèyàn tí BVAS yẹ̀ wò, iye náà sì kéré sí ìbò tí wọ́n kà ní àwọn ibùdó kan. INEC ní kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ti fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ tán sí kọ̀ǹpútà àjọ náà nígbà tí wọ́n tẹ ìwé yẹn. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìbò wọ́gi lé ìbò Adeleke ní oṣù Kìíní, ọdún 2023; ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a padà ní oṣù Kẹta, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 9, oṣù Karùn-ún. Ohun tí ilé ẹjọ́ náà sọ ni pé ẹ̀rọ gan-an ló yẹ kí wọ́n gbé wá, kì í ṣe ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti ibòmíràn. Ìjókòó gómìnà odindi ìpínlẹ̀ rọ̀ mọ́ ìgbà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́, iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ń ṣe nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́, tí ilẹ̀ ti ń ṣú, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì dúró.

Òfin ìbò tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 25, oṣù Kejì, ọdún 2022 fi ẹsẹ̀ ẹ̀rọ múlẹ̀ nínú yíyẹ olùdìbò wò. Ọdún kan gééré lẹ́yìn rẹ̀ ni ìbò ààrẹ wáyé. Olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ jẹ́ 93,469,008, ibùdó ìdìbò sì jẹ́ 176,846, nítorí ní ọdún 2021 wọ́n ti fi bíi 57,000 kún 119,973 tó wà tẹ́lẹ̀. Ibùdó tó pọ̀ sí i túmọ̀ sí òṣìṣẹ́ tó pọ̀ sí i láti kọ́ nínú àkókò kan náà. INEC ṣe ìdánwò ní ọjọ́ 4, oṣù Kejì, ní ibùdó 436, láti mọ bí BVAS ṣe ń yẹ olùdìbò wò àti bí èsì yóò ṣe gòkè.

Yíyẹ olùdìbò wò lọ dáadáa ní ibi tó pọ̀ ní ọjọ́ 25, oṣù Kejì. Èsì ni kò gòkè. Àwọn ọ̀gá ibùdó ya fọ́tò èsì ìbò aṣòfin, ó lọ. Wọ́n ya ti ààrẹ, ẹ̀rọ dá a padà. Àlàyé tí INEC ṣe lẹ́yìn náà ni pé ìpínlẹ̀ ìpínlẹ̀ ni wọ́n to àkọsílẹ̀ sí lórí kọ̀ǹpútà wọn, ìbò ààrẹ kò sì sí lábẹ́ ìpínlẹ̀ kankan, nítorí náà ẹ̀rọ kò rí ibi tí yóò fi fọ́tò náà sí. Ilẹ̀ ti ṣú kí èsì ààrẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ ibùdó rárá, ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ jù lọ ní Àbújá ló ti wá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ ọ̀gá ibùdó pé kí ó má kúrò níbẹ̀ kí èsì tó lọ, wọn kò sì kọ́ ọ dáadáa ní ohun tí yóò ṣe bí kò bá lọ. Àwọn kan dúró dìgbà tí jàǹdùkú dé. Àwọn kan kó ẹrù wọn lọ sí ibi àkójọ èsì, àwọn ará àdúgbò sì gbà pé wọ́n ń sá lọ yí èsì padà. Ìwádìí àwọn tó wá ṣàkíyèsí ìbò náà sọ pé ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn nínú INEC dínkù gan-an ní ọjọ́ yẹn. Ìbò gómìnà tó yẹ kó wáyé ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta sún sí ọjọ́ 18, kí wọ́n lè rí àyè tọ́jú àkọsílẹ̀ inú BVAS kí wọ́n sì tún wọn ṣètò. Ní oṣù Kẹwàá, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sọ pé àìgòkè èsì sórí IReV kò tó láti fi wọ́gi lé ìbò, nítorí pé ojúlé ìwòran ni, kì í ṣe ibi àkójọ èsì.

Ìdájọ́ náà dá iṣẹ́ padà sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí fọ́tò orí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá ju ẹ̀rí lọ, a jẹ́ pé ìwé èsì tí ọ̀gá ibùdó fi bírò kọ, tí àwọn àṣojú ẹgbẹ́ fọwọ́ sí, ni ìbò gan-an. Nọ́ńbà tó wà lójú BVAS gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé náà mu; bí kò bá bá a mu, ẹni tó ń ṣàkójọ èsì ní wọ́ọ̀dù ló yẹ kó dá a dúró. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ṣì ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Àkókò tó pọ̀ ni wọ́n ń fi kọ́ni bí a ṣe ń tan ẹ̀rọ, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń fi kọ́ni bí a ṣe ń ṣírò ìwé èsì láìsí ìfagi-lé-fagi, bẹ́ẹ̀ ìwé tí wọ́n fagi lé ló ń dá ẹjọ́ sílẹ̀ jù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmood Yakubu fi ipò alága INEC sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2025 lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Joash Amupitan, agbẹjọ́rò àgbà, sì gba ipò náà. Ìbò gómìnà Anambra ti ọjọ́ 8, oṣù Kọkànlá ni ìbò gómìnà àkọ́kọ́ tó darí, BVAS àti IReV ni wọ́n sì lò níbẹ̀.